Olórin Kan, Gìtá Kan: Kí Ló Ń Fà Wá Mọ́ Irú Àwo Orin Bẹ́ẹ̀?

Ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo níbí, kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwo orin àkọ́kọ́ tí Aṣa ṣe wà lórí fóònù mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo sì ń gbọ́ ọ ní alaalẹ́ títí di òní, kò sú mi. Òun ló mú kí n kọ́ gìtá. Ní báyìí mo ní orin mẹ́sàn-án tí mo fúnra mi kọ, mo sì fẹ́ gbé wọn jáde pẹ̀lú gìtá àti ohùn nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń lùlù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní orin tí kò ní ìlù kì í ṣe orin Yorùbá, pé orin ìbànújẹ́ àwọn òyìnbó ni, àti pé kò sí ẹni tí yóò pè mí sí òde. Kí ló wà nínú irú àwo orin bẹ́ẹ̀ gan-an? Ṣé kí n fi ìlù sí tèmi ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?”

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ jọ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ju ọ̀kan lọ. O bi mí ohun tó wà nínú àwo orin tí o fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn jù, bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ sí, ni pé bóyá ohun tí o fẹ́ràn yẹn kì í ṣe tìrẹ, pé bóyá o kàn ń sín ará ibòmíràn jẹ, àti pé bí o bá jókòó síwájú àwọn ènìyàn Òṣogbo pẹ̀lú gìtá kan ṣoṣo, ẹ̀yìn rẹ ni wọn yóò máa wò, pé níbo ni àwọn onílù wà. Ìwọ nìkan kọ́ ni ìdààmú yìí bá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gba ohùn olórin sílẹ̀ nínú yàrá kan tí kò fẹ̀ ju ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ ní Òkè-Fìà. Onífújì, oníwákà, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ọ̀dọ́ onígìtá bíi tìrẹ ti jókòó síwájú mi, ìbéèrè yìí sì ni àwọn onígìtá sábà máa ń bi mí kí wọ́n tó bèèrè iye owó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ibì kan tó ti lọ́ pọ̀. O kọ̀wé bí ẹni pé gìtá àti ohùn nìkan ló wà nínú àwo orin Aṣa yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo orin náà, tó ń jẹ́ orúkọ olórin fúnra rẹ̀, jáde ní ọdún 2007 láti ọwọ́ Naïve, ilé-iṣẹ́ agbórinjáde kan ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn kan nínú orin rẹ̀ wà ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ní Yorùbá, bíi “Ẹyẹ Àdàbà” àti “Bíbánkẹ́”. Paris ni wọ́n bí obìnrin náà sí ní 1982, Èkó ló ti dàgbà, ọ̀kan lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lórí àwọn orin náà sì ni Cobhams Asuquo, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa. Ní 2008 ó gba ẹ̀bùn Prix Constantin ní ilẹ̀ Faransé. Ó ṣeé ṣe kí o ti mọ gbogbo èyí. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o fi íápíìsì sí etí méjèèjì, kí o gbọ́ “Jailer” lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o má sì ka ohùn obìnrin náà sí rárá. Ìwọ yóò gbọ́ ìlù, ìwọ yóò gbọ́ gìtá béèsì tó ń rìn lábẹ́ orin bíi ti àwọn onírégè. “Fire on the Mountain” náà ní ìlù. Tracy Chapman, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ irú orin yìí bá ṣẹlẹ̀, ní béèsì àti ìlù nínú àwo orin àkọ́kọ́ tirẹ̀ ti ọdún 1988, síbẹ̀ bí o bá bi ẹni tó gbọ́ ọ léèrè, yóò ní gìtá àti ohùn lòun rántí. Ìlù wà níbẹ̀, wọ́n kàn gbé e sí ibi tí kò ti lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olórin ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń bínú sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ìwọ náà sì ń gbèjà rẹ̀.

Lójú tèmi, ohun tó ń fa ènìyàn mọ́ irú àwo orin bẹ́ẹ̀ ni iye ènìyàn tí olórin ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Orin tí a mọ̀ jù ní ilẹ̀ yìí, orin òde ni, olórin òde sì ń bá igba ènìyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń kí olóde, ó ń ki bàbá ìyàwó, ó rí ẹni tó ń bọ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ó yí orin sí orúkọ onítọ̀hún, bí owó bá sì ṣe ń bọ̀ ni orin ṣe ń gùn. Ìdí nìyẹn tí ojú kan àwo jùjú ayé ìgbà Ebenezer Obey àti Sunny Adé fi lè jẹ́ orin kan tí kò já títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé àárín àwo. N kò pè é ní àbùkù. Iṣẹ́ tí wọ́n rán orin náà ló ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sílé ní aago mọ́kànlá alẹ́, tí kò ní owó tí yóò fi ná olórin, tí ẹnikẹ́ni kò sì pe orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló dúró sí nínú àríyá yẹn. Irú àwo orin tí o fẹ́ràn yìí yí àga padà, ó kọjú sí onítọ̀hún. Orin bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò dúró gba owó. Ọ̀kan wà nínú àwọn orin Aṣa yẹn tó kọ sí ìyá rẹ̀, àwa sì ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ṣèèṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí kò fẹ́ kí ilẹ̀kùn dún.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí òyìnbó tó ń kọ̀wé lórí irú orin yìí kò ní láti rò, tí àwa kò sì lè fò dá: ìlù tiwa ń sọ̀rọ̀. Bí gángan bá wà lẹ́yìn olórin, ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ọmọ Òṣogbo tó ti ń gbọ́ dùndún àti bàtá láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Kí onílù tó fi ọ̀pá kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, a ti ń wá ìtumọ̀. Ní òde, ìyẹn dùn púpọ̀, nítorí onílù lè sọ ohun tí olórin kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Nínú orin tí a kọ sí ẹnì kan, ẹni kẹta ló wọlé dé yẹn, ọ̀rọ̀ àṣírí a sì di ọ̀rọ̀ ìpàdé. Ìlù òyìnbó tó wà nínú àwo orin Aṣa kì í sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló ń kà, nítorí náà ó lè rìn lọ lábẹ́ orin kí ó má já lu ẹnikẹ́ni. Bí o bá fi gángan dípò rẹ̀, kódà bí o bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ débi pé a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ mọ́, etí Yorùbá yóò fi olórin sílẹ̀ yóò tẹ̀ lé e. Mo ti rí i, mo sì ti fi owó onígìtá kan kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí n óò ṣe sọ níwájú.

Ní ti pé kì í ṣe orin Yorùbá, kí ẹ̀gbọ́n rẹ jọ̀wọ́ ronú padà sẹ́yìn díẹ̀. Jùjú, tí kò sí ẹni tí yóò ní kì í ṣe tiwa, ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń ṣe é nígbà tí Túndé King ń kọ ọ́ ní Èkó ní àwọn ọdún 1930: òun pẹ̀lú gìtá-báńjò, ẹnì kan pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnì kan pẹ̀lú ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní jùjú. Nínú pálọ̀ ni wọ́n ti máa ń jókòó kọ ọ́ fún àwọn tó jókòó bíi tiwọn. Ìgbà tí ọdún 1940 sí 1949 ń parí lọ ni gángan tó wọ inú jùjú, àárín àkókò kan náà tí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá ga dé. Èyí yéni: bí o bá gbé gángan sí ẹ̀gbẹ́ gìtá tí kò ní ẹ̀rọ, gìtá ti kú nìyẹn. Ẹ̀rọ ló fún ọ̀pọ̀ onílù láyè láti wọlé láìpa gìtá. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ pè ní gbòǹgbò, ẹ̀ka ni, ó sì ti dé tẹ́lẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa tó tó ọmọ tí ń lọ sóde. Bí a bá tún rìn sẹ́yìn ju ìyẹn lọ, a óò bá orin arẹmọlẹ́kún, orin inú àlọ́ àti ẹkún ìyàwó, tí ohùn nìkan tó fún. Agídìgbo tí a ń gbé lé itan, tí a ń fi àtàǹpàkò ta, ẹni tó bá jókòó nítòsí ló ń gbọ́ ọ dáadáa. Gìtá rẹ ni àjèjì níbẹ̀ o, ìjókòó yẹn kì í ṣe àjèjì.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí Yorùbá ti le fún irú orin yìí ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, mo sì fẹ́ kí o ṣọ́ ọ. Ohùn orin gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn. Nínú ariwo òde, bí orin bá ti ọ̀rọ̀ ṣubú, onílù á gbé e, agberin á tún un sọ, kò sí ẹni tó ṣàkíyèsí. Nígbà tí gìtá nìkan bá wà, gbogbo ṣíṣubú ni a ń gbọ́. Ọmọbìnrin kan kọ orin ìfẹ́ kan fún mi, ó fẹ́ sọ pé “ọkọ mi ń bọ̀”, ṣùgbọ́n ohùn orin náà já wálẹ̀ lórí sílébù kejì nínú “ọkọ”, ó di “ọkọ̀ mi ń bọ̀”, bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò ní Old Garage. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìlà ohùn kan péré la yí padà, orin náà sì dúró. Tẹ́tí sí orin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tìrẹ lọ́nà yẹn: sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu lásán, lẹ́yìn náà kọ ọ́, kí o wo ibi tí wọ́n ti yapa.

Ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí àwọn olùgbọ́ ṣe mọ̀ lọ. Irú gbohùngbohùn (maikirofóònù) tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ ní ìwà kan: bí ẹnu bá ṣe ń sún mọ́ ọn ni ìsàlẹ̀ ohùn ń nípọn sí i. Olórin tó dúró ní ìwọ̀n apá kan sí i jọ ẹni tó wà ní òdìkejì yàrá. Bí ó bá sún mọ́ ọn ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, ó di ẹni tó jókòó tì ọ́ lórí ẹní. Etí wa ti mọ ohùn tó nípọn bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ohùn ẹni tó sún mọ́ wa nìkan ló sì ń dún bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ní ohun èlò tó ń rẹ ohùn líle sílẹ̀, kí a tó wá gbé gbogbo rẹ̀ sókè, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí olórin sọ wúyẹ́wúyẹ́ lè ga tó èyí tó fi igbe sọ. Ẹ̀tàn dídùn ni, kí a má purọ́. Ẹni tó bá rò pé òun yóò kàn jókòó síwájú fóònù kí ó sì dún bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé fóònù gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ju òun lọ. Ní Òkè-Fìà, láti aago kan òru títí kí àwọn ìrun àsùbáà tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gba irú orin yìí sílẹ̀, mo máa ń pa fíríìjì, mo ń gbé fóòmù dí fèrèsé, bí òjò bá sì ti kan páànù, a ká okùn wa, a sùn.

Àṣìṣe tí mo ní n óò sọ nìyí. Onígìtá kan wá sọ́dọ̀ mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú orin kan nípa ìyá rẹ̀ àgbà tó jẹ́ aláró. Ní òpin ẹsẹ kejì, kí ó tó sọ pé “ó ti lọ”, ó gbé itọ́ mì, a sì gbọ́ ọ gbọnrangandan. Mo rò pé àbùkù ni. Mo gé e kúrò. Mo gé gbogbo èémí rẹ̀ kúrò pẹ̀lú, mo gé ariwo ìka rẹ̀ lórí okùn, lẹ́yìn náà mo pe onígángan àti oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wá kún ibi tó ṣófo. Ó mọ́ tónítóní. Nígbà tí a gbé e fún ìyá ọmọ náà gbọ́, ó mi orí díẹ̀, ó ní: “Ó dùn. Ta ló kọ ọ́?” Ìyá tó bí i ló ń bèèrè. Ìyá àgbà tí wọ́n ń kọrin rẹ̀ ì bá ti kìlọ̀ fún mi, nítorí aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ pé ibi tí òun fi lẹ́kọ dí, tí aró kò ráyè wọ̀, ni ọnà wà. Èmi ti da aró bo gbogbo aṣọ. Mo dá owó ọmọ náà padà, a sì tún orin náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé itọ́ mì níbẹ̀ mọ́, n kò sì lè sọ fún un pé kí ó ṣe é.

Ní báyìí, má jẹ́ kí ohun tí mo ti sọ mú ọ gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n rẹ ní òtítọ́ kan lọ́wọ́. Àwo orin tó jẹ́ gìtá àti ohùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ máa ń súni kíákíá bí àwọn orin náà bá jọra wọn, orin ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ọ́ sì sábà máa ń jọra: ìrìn kan náà, ìlà ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kan náà. Orin tí kò lágbára tún lè sá pamọ́ sẹ́yìn ìlù. Sẹ́yìn gìtá kò síbi ìsápamọ́. Ní ti òde, wọn kì yóò pè ọ́ sí ìsọmọlórúkọ ní Òkè-Báálẹ̀ láti wá kọ orin tí ẹnikẹ́ni kò lè jó sí, kò sì yẹ kí o bínú sí wọn. Àwọn kan yóò sọ ìtàn Tracy Chapman fún ọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe àjọ̀dún àádọ́rin ọdún Nelson Mandela ní pápá ìṣeré Wembley ní ìlú London ní ọjọ́ 11, oṣù kẹfà, ọdún 1988, tí apá kan nínú ohun èlò orin Stevie Wonder sọnù, tí kò lè bọ́ sí orí ìtàgé, tí wọ́n sì ké sí obìnrin náà, tó ti kọrin tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé kí ó tún padà wá. Òun àti gìtá rẹ̀ nìkan ló dúró síwájú ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, gbogbo pápá sì gbọ́ ọ. Òtítọ́ ni ìtàn náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ sanwó láti wá gbọ́ orin. Wọn kò máa wojú agbóúnjẹ.

Ohun tí ìwọ yóò ṣe kù sí ọwọ́ rẹ, n kò sì tíì gbọ́ ọ̀kan nínú orin mẹ́sàn-án yẹn, nítorí náà fi ìyè sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bí ìmọ̀ràn ẹni tí fújì àti orin ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ etí rẹ̀. Wá ẹnì kan tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ tímọ́tímọ́, jókòó sí ìgbésẹ̀ méjì sí i, kọ orin kọ̀ọ̀kan fún un láìṣàlàyé. Orin tí ó bá mú fóònù rẹ̀ nígbà tí o ń kọ ọ́, fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tàbí kí o wá ìrànlọ́wọ́ fún un. Ó ṣeé ṣe kí márùn-ún tàbí mẹ́fà dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn. Àwọn yẹn ni kí o gbà sílẹ̀ pẹ̀lú gìtá àti ohùn nìkan, lẹ́ẹ̀kan náà, kí o má gba gìtá lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé gbígba lọ́tọ̀ rọrùn láti tún ṣe, pé bí méjèèjì bá wà nínú gbohùngbohùn ara wọn, ọ̀rọ̀ kan tó bá bàjẹ́ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń kọrin tí o sì ń ta gìtá pọ̀, gìtá máa ń dúró dè ọ́ bí o bá fẹ́ mí. Bí o bá ti tà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti di aago. Yí ìlà ohùn padà láti orin sí orin, fi kápò, kílípì tó ń gbé ohùn okùn ga, há ọrùn gìtá níbi tó bá yẹ, kí o sì fi okùn tuntun sí i ní ọjọ́ kan ṣáájú, nítorí okùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ so kì í dúró lójú kan. Má ṣe kọ orin kan ju ìgbà márùn-ún lọ ní alẹ́ kan. Lẹ́yìn ìkarùn-ún, bí o ṣe kọ ìkẹrin lo ń gbìyànjú láti rántí, ẹni tí o ń kọ ọ́ sí ti kúrò lọ́kàn rẹ.

Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ, má bá a jà. Mú orin méjì tí ẹsẹ̀ rẹ máa ń mì sí nígbà tí o bá ń kọ ọ́, kí o gbé e lé e lọ́wọ́. Kí ó fi ìlù ńlá sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan wá, kí ó jókòó sí ìgbésẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn gbohùngbohùn, kí ó máa mì ín jẹ́jẹ́ dípò kí ó máa gbá a mọ́ ọwọ́. Bí ó bá bo ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ nínú ẹsẹ kìíní, kí ó tún sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ orin náà láti òkè.